Owó wẹ́wẹ́ àti òòfà lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá òjé ni ọ̀pá omi ilé yín

Ẹni tó bá ti dúró ti apẹja létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ ti mọ òjé. Òun ni irin rírọ̀ tó wúwo, tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè tètè rì. Ọdẹ mọ̀ ọ́n nínú ọta ìbọn. Àwọn olórìṣà mọ̀ ọ́n lára ẹ̀gbà ọwọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé, fún ọdún gbọọrọ, òjé yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá tó ń gbé omi mímu láti ojú títì wọ inú ilé nílùú òyìnbó. Kódà, orúkọ tí à ń pe oníṣẹ́ omi, plombier, inú plomb ló ti jáde, orúkọ tí Faransé ń pe òjé.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í dógùn-ún bí irin, ó sì ṣeé tẹ̀ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Òjé tó bá wọ inú omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò. Ọmọ kékeré ló ń ṣe ní jàǹbá jù. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ tó ṣì ń dàgbà jẹ́, ìwé lè má wọ orí rẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀. Ó ń gba ara aláboyún kọjá sí ọmọ inú rẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu lára ènìyàn.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó se omi náà. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa òjé. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò, òjé kò bá a lọ, ńṣe ló túbọ̀ ń ki nínú èyí tó kù.

Ìlú kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dójú rẹ̀. Flint ni, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìlú náà dẹ́kun omi tó ń rà láti Detroit, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò Flint, kí owó lè dín kù. Omi odò náà máa ń jẹ irin, àwọn alákòóso kò sì fi oògùn tó ń dáàbò bo inú ọ̀pá sí i. Nínú ọ̀pá òjé tó ti pẹ́, èèpá kan máa ń dì mọ́ ọn, èèpá yìí ni kì í jẹ́ kí omi kan òjé gan-an. Omi odò bó èèpá náà. Àwọn ará ìlú, tí wọ́n tó nǹkan bí 100,000, ń pariwo pé omi ti pàwọ̀ dà, pé ó ń rùn, pé ara àwọn ọmọ ń sú. Wọ́n ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, dókítà àwọn ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, gbé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ síta: iye ọmọ tí òjé pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n padà sí omi Detroit.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ yọ àwọn ọ̀pá náà, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí òjé wà. Orí páálí kéékèèké ni àkọsílẹ̀ ìlú wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ láti ilé dé ilé. Ilé tí wọ́n gbẹ́ iwájú rẹ̀ lé ní 20,000, ọ̀pá tí wọ́n pààrọ̀ lé ní 10,000. Ìyẹn ni pé wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lásán, ọdún sì ń gorí ọdún. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n fojú bù ú ní ọdún 2024 pé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 9 lábẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1986 ni òfin ti ní kí wọ́n má fi òjé ṣe ọ̀pá omi tuntun mọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ omi yọ wọ́n láàárín ọdún 10. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1995 ni wọ́n tó fòfin de ọ̀pá òjé tuntun.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wá ibi tí ọ̀pá ti yọ láti inú ilẹ̀ kí ó tó dé compteur, àti ibi tó ti wọ ara ògiri. Ẹ fi àkísà tútù nu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ mú owó sẹ́fà oníirin kan tàbí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi họ ojú kan kékeré lára rẹ̀, díẹ̀ báyìí, kì í ṣe pé kí ẹ gbẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ òjé, ìta rẹ̀ á ṣú bí eérú, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ họ á máa dán bíi fàdákà tuntun. Kò ní gba agbára lọ́wọ́ yín rárá, nítorí ó rọ̀. Bí ẹ bá fi nǹkan kàn án, kò ní dún gooro bí irin, á kàn ró gbì. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ọ̀pá mìíràn: lára ọ̀pá òjé àtijọ́, ibẹ̀ sábà máa ń wú bí alùbọ́sà.

Ẹ wá mú òòfà. Kò dìgbà tí ẹ bá rà á, èyí tí àwọn ọmọ ń tú jáde lára ẹ̀rọ rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ òjé. Bí ó bá lẹ̀, irin ni, bóyá èyí tí wọ́n fi sínkì bò, tó máa ń dógùn-ún nínú bó bá pẹ́. Kì í lẹ̀ mọ́ bàbà náà, ṣùgbọ́n bàbà kò ṣòroó mọ̀, pupa ni ibi tí ẹ bá họ. Rọ́bà kò nílò àyẹ̀wò kankan. Kí ẹni tó bá họ ọ̀pá fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe fi ọwọ́ náà bu ẹ̀bà.

Ọ̀pá kan ṣoṣo lè jẹ́ oríṣi méjì. Ó lè jẹ́ rọ́bà níbi compteur, kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú ògiri, pàápàá ní ilé tí wọ́n ti tún omi rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé àtijọ́ ayé ìjọba Faransé ni èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní tòótọ́, rọ́bà ló pọ̀ jù nínú ọ̀pá tí à ń rí lọ́jà wa lónìí. Èyí kò ní kí a sùn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì North Carolina gbé ìwádìí kan jáde lórí omi mímu ní Gánà, Málì àti Niger. Nínú omi 10 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan tí òjé inú rẹ̀ kọjá máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀. Àwọn ohun èlò omi fúnra wọn ni wọ́n tọ́ka sí, pàápàá èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe, nítorí wọ́n máa ń po òjé mọ́ idẹ. Pọ́ńpù abúlé wà nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Nítorí náà, robinet tó ń dán lórí àtẹ lè jẹ́ ẹlẹ́jọ́, bí ọ̀pá tilẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Òjé tí àwọn kan ń yọ́ láti fi lẹ orí ọ̀pá méjì pọ̀ náà ńkọ́? Ẹ ní kí plombier yín má lò ó níbi omi mímu.

Omi nìkan kọ́ o. Ní Allada níbí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ọdún kan sí méjì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ, òjé kọjá máíkírógíráàmù 50 nínú lítà ẹ̀jẹ̀. Ẹran tí wọ́n fi ìbọn pa àti ọ̀dà tó ń bó lára ògiri wà lára ohun tí àwọn olùwádìí fura sí.

Ẹni tó bá rí òjé, tàbí tó fura, kí ó sọ fún iléeṣẹ́ omi àdúgbò rẹ̀, kí ó sì bèèrè àyẹ̀wò. Kí ìyẹn tó dé, omi tó ti sùn mọ́jú nínú ọ̀pá ló burú jù. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀ kí ẹ tó bu èyí tí ẹ ó mu. Nítorí owó la fi ń ra omi, ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ti ìṣáájú fọ ilẹ̀ tàbí aṣọ. Omi tí ẹ ó fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ wá a níbòmíràn bó bá ṣeé ṣe.

Bí ẹ bá sì ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ẹ dúró ti plombier kí ó tó bo kòtò. Ẹ wo ọ̀pá náà, ẹ fi fóònù ya á láwòrán, kí ẹ kọ irú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n rì í sínú ìwé kan, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín.