Àwo Méjì ní Sedgwick Avenue

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ jẹ́ kí ooru iná yìí kàn yín lára. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, síbẹ̀ ìyanu kan wà tí mo bá rántí rẹ̀, ẹnu mi kì í pa dé. Ilé alájà gíga kan ní Morris Heights, ní Bronx ti New York, ló ti ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà 1520, Sedgwick Avenue, níbi tí ọkọ̀ ti ń ké ramúramù lẹ́bàá ilé tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn wá. Lọ́dún 1877, Thomas Edison sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ohùn ènìyàn, tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé lọ bó bá ti kúrò lẹ́nu, ni abẹ́rẹ́ ń kọ sára tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́! Edison rò pé àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ni yóò máa fi pe lẹ́tà, tàbí kí ẹbí fi tọ́jú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tó ń kú lọ. Orin wà lọ́kàn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló fi ṣíwájú. Emile Berliner ló wá sọ ohun tí à ń kọ ohùn sí di àwo pẹlẹbẹ. Lára irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá tó bí bàbá Fela, kọrin sí ní 1922. Bàbá ti fi ilẹ̀ bora tipẹ́, ohùn rẹ̀ ṣì wà láyé.

Ṣùgbọ́n bí àwo bá ti ń yí, ẹnìkan kì í fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan àwo bàbá rẹ̀ nígbà náà, ìgbátí ni yóò fi jẹ.

Àfi ìgbà tí ọmọ Jàmáíkà kan, Clive Campbell, tí ayé ń pè ní Kool Herc, dé Bronx lọ́dún 1967. Cindy, àbúrò rẹ̀, ń wá owó aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síléèwé, ni wọ́n bá ṣe àríyá sí gbọ̀ngàn ilé wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, 1973. Obìnrin san sẹ́ǹtì 25, ọkùnrin san 50. Nítorí aṣọ iléèwé, ẹ̀yin ọmọ!

Herc ń ṣọ́ àwọn oníjó. Ó rí i pé wọn kì í jó dé ìdí àfi bí akọrin bá dákẹ́, tí fèrè panu mọ́, tó wá ku ìlù nìkan. Kò sì ní pẹ́ tí akọrin yóò tún fi dé bà á jẹ́. Ló bá wá àwo kan náà ní méjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù ti ọ̀tún bá ń tán lọ, ti òsì á gbà á, Herc á sì dá abẹ́rẹ́ ti ọ̀tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlù, bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: tèmi lọ sókè, tìrẹ balẹ̀. Ìlù kò tán mọ́. Orí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá gùn, tó di hip-hop.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ọmọ Bronx mìíràn, Theodore, ń lu àwo ní yàrá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wọlé wá bá a wí pé ariwo ti pọ̀ jù. Ó fi ọwọ́ di àwo mú kó lè gbọ́ ìbáwí, àwo ń fà síwá sẹ́yìn lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń dún ṣíkíṣíkí, ó sì dùn létí ọmọ náà ju ìbáwí lọ. Gbogbo ayé ló ń ha àwo báyìí.

Ilé iṣẹ́ Technics ti Japan ṣe ẹ̀rọ àwo SL-1200 jáde ní 1972 fún ẹni tó fẹ́ jókòó gbọ́ orin nílé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ ọ́ di ohun èlò orin. Ní 2010 wọ́n ní ó tó, àwọn kò ṣe é mọ́; ní 2016 wọ́n tún gbé e padà. Kódà ẹ̀rọ DJ oní-kọ̀ǹpútà òde òní, tí kò sí àwo kankan nínú rẹ̀, ohun róbótó méjì ni wọ́n ṣì ń ṣe sójú rẹ̀, kí ọwọ́ lè rí ibi ha.