Iṣẹ́ Òru Tí Gbogbo Ilé Ń Bá Wọn Ṣe

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú tí ọlọ́jà sì ń kọ ti àtijọ́, tiransífáà ni gbogbo Nàìjíríà gbára lé. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ń ṣe é, ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà ń ṣe é. Áàpù báńkì kò gba irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń dákú, wọ́n ń jí. Báńkì ni aráàlú ń bú. Ìwọ̀nba ló ronú kan ẹni tí wọ́n ń pè lóru láti wá jí áàpù náà.

On-call ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe ipò yìí. Ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ fóònù àti níbikíbi tí iṣẹ́ kò ti gbọdọ̀ dúró, àwọn ẹńjiníà a máa gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ: bí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé áàpù ró, bá ti ń falẹ̀, ìpè á wọlé sórí fóònù ẹni tó kàn. Bí kò bá dáhùn, ó di ti igbákejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Nínú ìwé tí àwọn ẹńjiníà Google gbé jáde ní 2016 lórí iṣẹ́ yìí, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n sọ pé ó wọ́pọ̀ láti fi dáhùn fún ohun tí oníbàárà ń lò ní tààrà. Ẹ wá fi ìṣẹ́jú 5 yẹn wọn ilé tó ní ọmọ kékeré. Ẹni tó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ kò lè jù ú sílẹ̀ nínú omi. Ẹni tó ń gbé ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká mọ́ orí Third Mainland Bridge, kò ríbi yà sí. Nítorí náà, ẹnì kejì ní í gbé àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ náà, òun náà ní í dá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó ló wà lẹ́nu ìṣọ́, àlàyé ṣì kù láti ṣe fún ìyá ọkọ tó wá bá wọn wẹ ọmọ, tó ń ṣe kàyéfì nípa ẹni tó ń pe obìnrin ní aago méjì òru.

Àwọn kan ń fi àwọn ẹńjiníà yìí wé ọdẹ àdúgbò. Ọdẹ a máa sùn lọ́sàn-án. Ẹńjiníà tó bá sáfà jà di ìdájí, ìpàdé aago mẹ́sàn-án ń dúró dè é.

Ìpè mìíràn sì wà tí dídáhùn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ láwọn báńkì kan ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó lè ti ìyẹ̀wù rẹ̀ so okùn abẹ́ òkun.

Wọn a máa gba ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ nímọ̀ràn pé kó mọ bí a ṣe ń ṣètò àkókò. Lójú tèmi, iye ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìwé Google yẹn ní, bí ẹni méjì bá ń ṣọ́ pọ̀, ènìyàn 8 ló kéré jù fún ikọ̀ tó wà lójú kan, kí ó lè kan kálukú ní ọ̀sẹ̀ kan péré lóṣù. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ní ẹńjiníà mẹ́rin ńkọ́? Ìdajì oṣù ni kálukú á fi wà lẹ́nu ìṣọ́. Kò sí ètò àkókò tó lè tún ìṣirò yẹn ṣe.

Òfin ńkọ́? Ní Faransé, láti oṣù kìíní ọdún 2017, òfin ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn dúnàádúrà lórí ẹ̀tọ́ láti pa fóònù iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní tirẹ̀ yọ àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́, nítorí náà ohun tó sọ nípa wákàtí iṣẹ́ kò kàn wọ́n. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ló kù. Kí ènìyàn tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kó bèèrè iye ẹni tó ń pín ìṣọ́, bóyá owó wà fún un, àti bóyá ẹni tí wọ́n jí lóru lè sùn dọ̀sán.