Kí Ló Dé Tí Òjò Oṣù Kẹjọ Ìbàdàn Kò Jọ Ti Port Harcourt?

 

Àwa tí a dàgbà sí Port Harcourt mọ̀ pé bí oṣù kẹjọ bá tilẹ̀ dín òjò kù díẹ̀ níbí, kì í gba agbòjò kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìsinmi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa àgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ohun mìíràn ni a ń bá. Ojú ọ̀run á ṣú, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́, síbẹ̀ òjò lè má rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn àgbẹ̀ mọ ìgbà náà dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe de àgbàdo kejì. Kí ló wá fa ìyàtọ̀ yìí? Inú òkun ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà.

Òkun kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ ń tì í, yíyí tí ayé ń yí ń darí rẹ̀, ooru àti iyọ̀ sì ń mú kí omi kan fúyẹ́, kí òmíràn wúwo. Níbi tí omi bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á kún fún ọ̀rinrin, á gòkè, á sì di òjò. Níbi tí omi bá ti tutù, kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ìṣàn òkun bá gbé ooru lọ ni òjò sábà máa ń tẹ̀ lé e lọ.

Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù fẹ́ wá lórí òkun Atlantic máa ń le sí i. Ó ń ti omi gbígbóná kúrò lójú òkun nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì, omi tútù á sì rú jáde láti ìsàlẹ̀. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ, ojú òkun níbẹ̀ lè fi ìwọ̀n Celsius 5 tàbí 6 tutù sí i. Irú omi bẹ́ẹ̀ tún máa ń rú jáde létí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí ẹja máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja wọn. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lè gòkè dáadáa. Lásìkò kan náà, òjò ńlá ti ṣí lọ sí ìhà Kánò àti Sókótó. Ìdí nìyí tí Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn fi ń sinmi òjò.

Ní ti Port Harcourt, omi tútù yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Omi gbígbóná ló wà níwájú Bonny. Àwọn òkè Cameroon tó wà ní ìlà oòrùn wa náà tún ń ti afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin gòkè. Ní Debundscha, ní ìsàlẹ̀ òkè ńlá Cameroon, òjò ọdún kan tó nǹkan bí mítà 10.

Ṣùgbọ́n omi tútù yìí kì í rí bákan náà lọ́dọọdún. Lọ́dún mìíràn, kì í rú jáde tó bó ti yẹ, òkun á sì gbóná ju ìṣe rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ tó tóbi jù wà lórí òkun Pacific, èyí tí àwọn apẹja Peru sọ ní El Niño, ìyẹn Jésù ọmọ ọwọ́, nítorí pé àsìkò Kérésìmesì ni wọ́n máa ń kíyè sí i. Ti Atlantic kéré sí i, ṣùgbọ́n ojúde wa ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọdún 1984. Òkun iwájú wa gbóná púpọ̀ lọ́dún náà. Òjò dúró sí etí òkun, kò bá àwọn ará òkè dé ilé. Ọ̀dá ti ń bá Sahel, ilẹ̀ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, jà láti ìparí àwọn ọdún 1960. Lọ́dún yìí, ó wá burú jáì. Ẹran ọ̀sìn kú, àwọn ènìyàn sì ṣí kúrò nílé. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 1963, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ló ti ń di ẹ̀bi náà ru àwọn darandaran àti àgbẹ̀ pé àwọn ló ba ilẹ̀ jẹ́. Ní 1986, Folland, Palmer àti Parker, onímọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé Nature pé òjò Sahel ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ooru àwọn òkun àgbáyé. Ẹ̀bi tí wọ́n dì ru darandaran, òkun ni ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣàn kan tún wà tó ju ìwọ̀nyí lọ. Omi gbígbóná máa ń ti gúúsù Atlantic ṣàn lọ sí àríwá títí dé ìtòsí Greenland. Níbẹ̀ ni yóò ti tutù, tí yóò wúwo, tí yóò rì, tí yóò sì gba ìsàlẹ̀ òkun padà sí gúúsù. Ooru tó ń gbé lọ sí àríwá yìí wà lára ohun tó ń fa òjò wá sí apá tiwa nínú ayé. Láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti ń wọn agbára rẹ̀ láti ìhà Bahamas títí dé ìtòsí Áfíríkà. Ní 2021, IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, sọ pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó dínkù nínú ọ̀rúndún yìí. Bí ó bá dínkù púpọ̀, òjò lè fà sẹ́yìn sí gúúsù, kí Sahel tún gbẹ.

Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Òkè ọ̀hún ni ẹ̀wà àti àlùbósà tí à ń rà ní ọjà Mile 1 ti ń wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́dọọdún ni NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò, títí kan iye ọjọ́ tí òjò yóò fi sinmi ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ní ìpínlẹ̀ wa nílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń kà á. Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo kejì kí ìsinmi òjò tó parí, irúgbìn rẹ̀ lè gbẹ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a lè kà á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn bàbá àti ìyá wa nílé, kí wọ́n tó sọ irúgbìn sílẹ̀.

Ire o.