Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ni Ìbà tó ni Ọjà'ba?

Ẹ ti ná Ọjà'ba títí, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n fi sọrí?

1. Ìbà Olúyọ̀lé ni, Baṣọ̀run Ìbàdàn tó kú ní 1847. Ọjà Ìbà ló di Ọjà'ba lẹ́nu wa.

2. Nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ọjà yìí àti ilé tó yí i ká ni gbogbo Ìbàdàn! Ìtòsí ibi tí Mọ́ṣáláṣí Àgbà wà báyìí ni odi ìlú parí sí. Ẹ wá wo bí ìlú ṣe tàn dé Mọ́níyà.

3. Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nítòsí ọjà yìí ńkọ́? 1929 ni wọ́n ṣí i.

Adúgbò tiyín ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà ilé, kí ẹ kọ ìtàn orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ Ìbàdàn mìíràn.