Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ọ̀ràn kan wà tí a kì í sábà gbé jáde ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdúgbò ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré tí a kò ti lè rí i: èyí ni ọ̀ràn ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn.

A mọ ọkùnrin kan ní Ìkéré, oníṣòwò kòkó ni. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn ní Emùré. Kóòtù ìbílẹ̀ dájọ́ pé kí a dá owó orí padà fún un, nítorí pé nínú àṣà wa, bí a kò bá tíì dá owó orí padà, okùn ìgbéyàwó kò tíì já. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọ̀, kò lọ gba owó. Lójú tirẹ̀, bí òun kò bá gbà á, obìnrin náà kò níí bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí kòkó dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà, òun ń wádìí ẹni tí ó rí i ní Emùré. Ta ni ó wà nínú ìdè nínú àwọn méjèèjì? Obìnrin náà ń tajà, ó sì ti bímọ.

Òfin ọdún 1970, tí ó wà fún àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin Ìjọba, sọ pé bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnìkejì kò sì takò ó, ilé ẹjọ́ lè tú wọn ká; bí ó bá tilẹ̀ takò ó, ọdún 3 tó. Òfin pàápàá mọ̀ pé ó ní iye ọjọ́ tí ènìyàn lè fi di ohun tí ó ti lọ mú.

Kí a má ṣì wá gbọ́ o. A kò wí pé kí ẹni tí a lù tàbí tí a rẹ́ jẹ padà sí ilé tí ó ti sá. Ìdáríjì kì í ṣe ìpadàbọ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí a san gbèsè tí ó wà láàárín, kí a má fi ọmọ ṣe oníṣẹ́ ìjà, kí a má sì máa ba ẹnìkejì lórúkọ jẹ́ káàkiri ọjà. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò níí rí ẹni bá ṣeré.

Ní ìgbẹ̀yìn, ọkùnrin wa lọ gba owó rẹ̀, ó sì fi ra kòkó. Ní ọjọ́ ọjà kan, ó pàdé obìnrin náà tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, “O kú ewu ọmọ.” Obìnrin náà dáhùn pé, “Ewu iná kì í pa àwòdì.” Olúkúlùkù sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ọ̀ràn yìí kàn, ẹ lọ gba owó yín.