Ọkọ̀ yín ń gbóná lọ́nà Bouaké? Ẹ wo àwọn àmì yìí kí ẹ́ńjìnì tó kú

Abidjan sí Bouaké tó nǹkan bíi 350 kìlómítà. Fún awakọ̀ Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, ọkọ̀ tó ń gbóná lè sọ èrè di gbèsè.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣí rẹdíétọ̀ títí yóò fi tutù. Omi rẹ̀ lè bó yín lára.

Ẹ wá wò ó bóyá rọ́bà omi ń jò. Bí kò bá jò, àmọ́ tí omi ń dínkù, tí èéfín funfun ń jáde ṣáá, tàbí tí ọ́ìlì rí bíi tíì oní-mílíìkì, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.

Ẹ má bu omi sí i kí ẹ máa wà á lọ. Orí ẹ́ńjìnì lè wọ́, owó rẹ̀ sì ju ti gásíkẹ́ẹ̀tì lọ.