OGUN ORÍ PÁKÓ: TA LÓ NI ÈBÚTÉ, TA NI EBI YÓÒ PA?

Ìgàngàn jìnnà sí òkun. Nínú ìlú méje tí wọ́n ń pè ní Ìbàràpá, ìyẹn Ìgàngàn, Èrúwà, Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè, Láńlátẹ̀, Tápà àti Ayétẹ̀, kò sí ọ̀kan tí omi iyọ̀ kàn. Bàrà ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mọ̀, wọn kì í ṣe apẹja òkun. Kí ló wá kan ará Ìgàngàn nínú ọ̀rọ̀ èbúté, tí ẹnì kan yóò tún jókòó máa ṣòfin èbúté inú eré?

Ó kàn án o, ẹ̀yin òǹkàwé! Ẹ fi ojú inú wò ó ná. Káfíńtà kan ní àjákù pákó pẹlẹbẹ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, iṣẹ́ ti dá. Ó mú èédú, ó ya ilẹ̀ Yorùbá sórí pákó náà. Ìbàdàn wà láàárín, Abẹ́òkúta lápá ìwọ̀ oòrùn, Ìjẹ̀bú nísàlẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lápá ìlà oòrùn, Ìbàràpá sì wà lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn. Nísàlẹ̀ pátápátá ó fa ìlà òkun, ó fi àmì mẹ́rin sí i: Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì, Èkó àti Lẹ́kí. Ìdérí ìgò ni ọmọ ogun, ẹ̀kùrọ́ ni ẹ̀tù ìbọn, dáìsì lúdò ni wọ́n ń jù.

Télọ̀ mú Ìbàdàn, fọkanáísà mú Ẹ̀gbá, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan jókòó tì wọ́n, ó ń wòran. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ariwo fi sọ. Télọ̀ ní ìdérí ìgò òun kan ti dé Èkó, nítorí náà kí wọ́n ka ẹ̀tù fún òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́ mi jẹ o! Ọ̀nà wo lẹ gbà dé Èkó? Èmi ni mo wà lójú ọ̀nà!"

"Àbúrò, jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé Èkó ni mo wà àbí n kò sí níbẹ̀?"

Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ tiwọn, kò sì sí ẹni tó lè dá a, nítorí wọn kò ṣòfin kí wọ́n tó jókòó. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí kò ní bi wọ́n léèrè. Ní ilé kan, bí o bá pa ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ tìrẹ á wọlé tààrà. Ní ilé kejì, ibi tí o ti pa á náà ni wàá dúró sí. Òfin ilé ni wọ́n ń pè é. Ìjà lúdò tó ti tú ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá ká kò kéré.

Àwọn òyìnbó náà ń jà sí i. Eré ogun wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Risk, Albert Lamorisse ará Faransé ló ṣe é, ó jáde ní 1957. Èbúté kankan kò sí nínú ìyẹn rárá. Wọ́n kàn fa ìlà kọjá òkun ni, ọmọ ogun á gba orí rẹ̀ bí ẹni ń lọ oko. Allan Calhamer ará Amẹ́ríkà gbé Diplomacy jáde ní 1959. Ó ní èèyàn kò lè kan ọkọ̀ ogun àfi ní ìlú tirẹ̀ tó wà létí omi, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ wọ àárín ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Larry Harris ṣe Axis & Allies, tó jáde ní 1981. Nínú àwọn tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ọdún 2000, ọkọ̀ tó bá gbéra láti èbúté ogun á rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìṣísẹ̀ kan. Wọ́n kọ òfin sínú ìwé, wọ́n fi ìwé sínú páálí, síbẹ̀ àwọn tó rà á ṣì ń ṣe òfin ilé tiwọn kún un.

Òfin wo ló wá tọ́ sí pákó káfíńtà yìí? Kò yẹ kó yá a lọ́wọ́ òyìnbó. Ogun tó yà sórí pákó yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí, èbúté ló sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo Ìbàdàn. Jagunjagun pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ní èbúté. Ìbọn àti ẹ̀tù, òkun ni wọ́n ti ń wá. Ẹ̀gbá wà lójú ọ̀nà kan, Ìjẹ̀bú wà lójú ọ̀nà kejì. Ní 1865, Ẹ̀gbá gbógun ti Ìkòròdú nítorí pé Ìkòròdú ń bá Ìbàdàn ṣòwò. Glover tó ń ṣe olórí Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì ló rán ọmọ ogun lọ lé wọn kúrò. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Inú bí Ẹ̀gbá, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà dí pa. Ọdún náà gan-an ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, tí kò tú ká tán títí di 1893.

Níbi Kírìjì yẹn ni ọgbọ́n wà. Èkìtìparapọ̀ kò ní èbúté bákan náà, ìlú wọn tilẹ̀ jìnnà sí òkun ju Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ wọn ní Èkó, ọ̀nà Oǹdó sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà yẹn ni ìbọn tuntun gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ìró ìbọn wọn ló sọ ogun náà ní Kírìjì. Ìbàdàn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù wà níwájú wọn, kò rí wọn tì.

Nítorí náà, òfin tó yẹ kó ṣáájú lórí pákó nìyí: èbúté nìkan kò tó, àfi bí ọ̀nà bá ṣí láti èbúté dé ìlú rẹ. Kí èbúté kọ̀ọ̀kan máa mú ẹ̀kùrọ́ méjì wá nígbàkígbà tí dáìsì bá yí ká. Ìdérí ìgò tí kò ní ẹ̀kùrọ́ lè ṣọ́lé, kò lè jà. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè ṣe ohun mẹ́ta: ó lè jẹ́ kó kọjá, ó lè gba ẹ̀kùrọ́ kan bí owó bodè, ó sì lè ti ọ̀nà. Fọkanáísà ló jàre nìyẹn. Télọ̀ dé Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ló dé.

Ṣùgbọ́n kí fọkanáísà má tíì fò sókè. Bí títi ọ̀nà kò bá ná ẹni tó tì í ní nǹkan kan, eré ti bàjẹ́, nítorí gbogbo wọn ni yóò máa tì í. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kò ya wèrè nígbà tí wọ́n ń dínà. Iṣẹ́ àárín ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń rà lọ́wọ́ ará òkè, wọ́n ń tà fún ará Èkó. Ẹni tó ń ta gàrí létí títì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, bodè tó bá ti tì, owó bodè kò wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí náà ló mú Gẹ̀ẹ́sì gbógun lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní oṣù Karùn-ún 1892. Torí náà, ẹni tó bá ti ọ̀nà lórí pákó, kó máa fi ẹ̀kùrọ́ kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi tì í.

Ọkọ̀ ogun ńkọ́? Káfíńtà lè gbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n Èkó ayé àtijọ́ kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ńlá kàn ń wọ̀ wérẹ́, iyanrìn dí ẹnu rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1851, Gẹ̀ẹ́sì wá bá Kòsọ́kọ́ jà, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún wá pẹ̀lú Bloodhound àti Teaser, àwọn ọkọ̀ tí kò wọnú omi jù, wọ́n sì yin àgbá títí Kòsọ́kọ́ fi sá. Dáìsì mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: kí ọkọ̀ má wọ Èkó àfi bó bá ju mẹ́fà, bí ọmọ lúdò tó fẹ́ jáde nílé. Bó bá wọlé tán, ó lè ba èbúté jẹ́, kò lè gbà á àfi bí ọmọ ogun orí ilẹ̀ bá wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, Akíntóyè ni wọ́n gbé sórí ìtẹ́ Èkó.

Kòsọ́kọ́ kò parí síbẹ̀. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tó sì di 1854, Gẹ̀ẹ́sì bá a ṣe àdéhùn, wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Lẹ́kí àti Palma. Ó dára kí pákó náà gba bẹ́ẹ̀: ẹni tó pàdánù èbúté lè ṣí kékeré sí etí ọ̀sà, ẹ̀kùrọ́ kan ni yóò máa mú wá dípò méjì.

Òfin tó máa dá ìjà tó le jù lọ sílẹ̀ ló kù yìí, ọ̀dọ̀ ayò ọlọ́pọ́n ló sì ti wá. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, o kò gbọdọ̀ máa ta tìrẹ lọ kí o fi ebi pa á. Bí o bá ní ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á fún un. Bí wọ́n bá mú èyí wá sórí pákó, ẹni tó bá ti gbogbo ọ̀nà mọ́ ẹnìkan títí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ fi tán, kó ṣí ọ̀kan.

Télọ̀ á pariwo: "Ogun kọ́ nìyẹn!" Òótọ́ ló sọ. Nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ dí ojú òkun mọ́ Biafra. Bonny bọ́ ní oṣù Keje 1967, Calabar ní oṣù Kẹwàá, Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968. Kò sí èbúté mọ́. Òru ni bàálù ń gbé oúnjẹ lọ sí Uli, kò tó, ọmọdé sì ń kú títí ogun fi parí ní oṣù Kìíní 1970. Ìgàngàn pàápàá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ogun fún un. Lóru tó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà 2021, wọ́n pa èèyàn níbẹ̀, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígàngàn. Ẹni tó ti rí irú èyí lójúkojú, tó wá jókòó ta ogun lórí pákó, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òfin tí kò jẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ayò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ti ń wòran láti àárọ̀ ló wá gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń ru ẹ̀tù yín? Ṣé ọmọ ogun ló ń lọ sọ́jà ni?"

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ jàre."

Ó jàre púpọ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú ṣòwò ní Àgbádárìgì àti Èkó kí wọ́n tó lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Nígbà tí Dàhòmì sì wá bá Abẹ́òkúta jà ní 1864, ó wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ń fi ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn. Wọ́n jẹ gbèsè, òun àti Látòósà di ọ̀tá, wọ́n sì pa á ní 1874. Òfin ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nìyí: kí olúkúlùkù ní ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ìyálóde. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lè gba ọ̀nà títì kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó gbé ẹ̀kùrọ́ mẹ́ta wá ní àwìn. Mẹ́rin ni wọn yóò fi san án. Ẹni tó bá jẹ gbèsè títí dáìsì fi yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Káfíńtà dojú pákó délẹ̀, ó ń fi èédú kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó tún ju dáìsì. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló kù: Àjàṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ Ìbàdàn, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú, ta ni yóò máa ta á? Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní òun ni. Ẹni tó bá ní òfin tó sàn ju èyí lọ, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.